Ọta Ìbọn Ò Mọ Ojúlé

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Bàrígà, ẹ kú ọjà, ẹ ó jèrè o. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú, tí ẹ̀rọ yín kì í sùn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin apẹja Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ẹ kú ewu omi. Ẹ̀yin tó wà nínú dáńfó ní Onípanu, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ò tíì jẹ́ kẹ́ ẹ délé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ máa sọ̀rọ̀ lọ títí ọkọ̀ á fi rìn.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lónìí. Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùgbọ́ wa ń bi wá léraléra. Wọ́n ní kátíríìjì wo ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ fi ìbọn ọdẹ ṣọ́ ilé? Èwo ni kì í kọ̀? Èwo ló ṣeé fọkàn tẹ̀ lóru?

N ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yẹn. Ẹni tí olè ti fọ́ ilé rẹ̀ rí ló mọ bí òru ṣe ń gùn. Ṣé ẹ rántí oṣù Kẹrin ọdún 2020? Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni, nítorí àrùn kòrónà. Ìròyìn ń jà kiri Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn pé àwọn jàǹdùkú tó ń jẹ́ Awawa ń bọ̀, pé àwọn tó ń jẹ́ One Million Boys ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò jáde sí ojú títì. Wọ́n dáná sun táyà. Wọ́n mú àdá, wọ́n mú igi, ẹlòmíràn gbé ṣakabùlà jáde. Oorun ò kun ojú ẹnikẹ́ni. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni èèyàn máa ń sọ pé, "Ká ní mo ní ìbọn nílé ni."

Ó yé mi. Ẹ̀rù ọmọ àti ìyàwó ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, èmi náà ní ìbéèrè kan. Bí ọta yẹn bá kúrò lẹ́nu ìbọn, níbo ló máa dúró sí? Yàrá ta ni? Ara ta ni? Ọta ìbọn ò mọ ojúlé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú: ọta ìbọn ò mọ ojúlé.

Ẹ wo ilé wa ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ẹ wo Jagunmọ́lú, ẹ wo Pẹ́drò, ẹ wo Ládì-Lak, ẹ wo ẹ̀yìn Bájùláyé. Ilé fésì-mí-áì-fésì-yù ló pọ̀ níbẹ̀. Yàrá ní ọ̀tún, yàrá ní òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín. Ìdílé kan, yàrá kan. Ògiri kan ló wà láàárín ibùsùn tèmi àti ibùsùn tìrẹ. Ibòmíràn, pákó ni onílé fi pín yàrá kan sí méjì. Létí ọ̀sà, pákó ni ilé láti ilẹ̀ dé òkè. Bí ọmọ bá wúkọ́ ní yàrá kẹta, gbogbo ilé ló gbọ́. Níbi tí ikọ́ ò ti lè dúró sí yàrá kan, ṣé ọta ìbọn ló máa dúró?

Ẹ jẹ́ ká wo kátíríìjì fúnra rẹ̀. Ike ni ara rẹ̀, idẹ ni ìdí rẹ̀. Láàárín ìdí idẹ yẹn, kápù kékeré kan wà. Òun ni irin ìbọn máa ń gbá. Bí irin bá gbá a, á ṣáná. Iná yẹn á ran ẹ̀tù tó wà nínú ike. Ẹ̀tù á gbiná, á ti ìdènà tó wà níwájú rẹ̀, ìdènà náà á sì gbá ọta jáde. Kápù, ẹ̀tù, ìdènà, ọta. Iṣẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, ìbọn ti di igi lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ó tún lè di ohun tó burú ju igi lọ, a ó dé ibẹ̀.

Oríṣi ọta mẹ́ta ló ń wà nínú kátíríìjì. Ọta wẹ́wẹ́ wà, tí ọdẹ fi ń pa ẹyẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ló ń wà nínú ike kan. Ọta ńlá wà, tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín. Mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú kátíríìjì númbà 12 (númbà yìí ni ìwọ̀n ẹnu ìbọn). Ẹyọ kan gbàǹgbà sì wà, ẹyọ kan péré nínú ike, tó wúwo, tó ń fọ́ egungun ẹranko ńlá.

Wàyí o, ẹ fi ọkàn gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ilé wa. Ẹyọ kan gbàǹgbà yẹn? Kò lóhun tó ń ṣe nínú ilé. Á la pákó kọjá, á la èyí tó tẹ̀lé e, á tún máa lọ. Ọta ńlá? Pákó tí wọ́n fi pín yàrá ò tó nǹkan lójú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò, èyí tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ, n ò lè fi ọmọ mi sẹ́yìn rẹ̀ kí n sọ pé ó ti wà ní ààbò. Ọta wẹ́wẹ́ ńkọ́? Òun ni agbára rẹ̀ ń tètè tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Láti ẹsẹ̀ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, ọta wẹ́wẹ́ ò tíì ní àyè láti rẹ̀. Á gba inú pákó kọjá. Ó lè pa ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kátíríìjì kan wà tó ń mú olè, tí kì í mú aládùúgbò, ó ń tan yín jẹ ni. Kò sí èyí tó lè yan ẹni tó máa bà. Ọta ìbọn ò mọ ojúlé.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ìbọn ọdẹ ò dìgbà téèyàn bá wò ó dáadáa kó tó yìn ín. Wọ́n ní ọta á fọ́n ká gbogbo yàrá, á wá olè rí fúnra rẹ̀. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọta ń fọ́n ká bó bá rìn jìnnà. Nínú yàrá tiwa, ojú ibi tó ń bà kì í ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ó tàsé. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n ní aago méjì òru, nínú òkùnkùn, tí NEPA ti mú iná lọ? Èyí tó bá sì tàsé olè, ibì kan ló ń lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìbọn ló ń sọ fún onílé pé ọta ńlá ni kó lò. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n á fi fọ́nrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Àwọn olùkọ́ yẹn náà ń kìlọ̀ nípa ògiri tó fẹ́lẹ́, ẹ fetí sí ìyẹn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dá dúró, koríko yí i ká, aládùúgbò jìnnà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ẹni tó ń gbé ilé bẹ́ẹ̀, ṣé ó ṣeé gbé wá sí Fọlá Àgòrò níhìn-ín láìyí nǹkan kan padà nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kátíríìjì ìbọn ọdẹ là ń sọ, àti bóyá ó ṣeé fi ṣọ́ ilé ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ ni pé kí a tó bèèrè èyí tó ń dún dáadáa, ká kọ́kọ́ bèèrè ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá dún.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá dé orí dídún gan-an. Kí ló ń mú kí kátíríìjì kọ̀?

Ọ̀rinrin ni àkọ́kọ́. Àwọn bàbá wa mọ èyí tipẹ́. Bí òjò bá pa ẹ̀tù ṣakabùlà, ìbọn ò ní dún. Nígbà ogun Kírìjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó níbí ló ra ìbọn tuntun tó ń lo kátíríìjì, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn lójú ogun. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀tù tó wà nínú kátíríìjì sàn ju ẹ̀tù tí wọ́n ń rọ sẹ́nu ìbọn lọ. Ó yára, ó sì ń fara da òjò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kátíríìjì náà ní ibi tí ìfaradà rẹ̀ mọ.

Bàrígà wà létí ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ wa tutù, ó ń rin. Ẹ wo aṣọ tẹ́ ẹ kó sínú àpótí ní oṣù Kẹfà, ẹ ṣí i ní oṣù Kẹjọ. Kí lẹ rí? Òórùn ló máa kọ́kọ́ kí yín. Ibi tí aṣọ ti bu, níbẹ̀ ni ẹlòmíràn tọ́jú kátíríìjì sí. Idẹ ìdí rẹ̀ á dípẹtà. Ọ̀rinrin á wọ kápù. Kò ní wọ inú ìbọn dáadáa mọ́. Ó lè wọlé kó má jáde.

Ẹlòmíràn á ní òun gbọ́n, á gbé e sórí síìlìnnì, kí ọmọdé má rí i. Lábẹ́ páànù! Ẹ mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń gbóná ní oṣù Kẹta. Ooru á máa jẹ ẹ̀tù lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn á fi òróró pa á kó má baà dípẹtà. Òróró á rọra wọ ìdí kápù, kápù á kú. Ẹlòmíràn á sá a sóòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀tù kì í ṣe èlùbọ́!

Ohun tó ń pa èèyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí kọjá pé kátíríìjì kọ̀. Ó lè kọ̀ báyìí, kó tún dún lẹ́yìn náà. Irin gbá kápù, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni náà á yí ẹnu ìbọn padà, á máa wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbòà! Iná ti ń jó lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé, bí ìbọn bá kọ̀, kí ẹni náà má ṣí i. Kó dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò sí èèyàn, kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ ṣáà mọ òwe wa: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ ká kọjú ìbọn sí òun?

Èyí tó tún burú ni ti kátíríìjì tó dún, tí dídún rẹ̀ ò lágbára. Ẹ̀tù ti rẹ̀. Ìdènà jáde nínú ike, ó há sínú ìbọn. Ẹni náà ò mọ̀. Ó ki òmíràn, ó yìn ín. Ibo ni agbára yẹn fẹ́ gbà? Irin á bẹ́ lójú ẹni tó gbé e dání. Bákan náà ni ti ẹni tó ki kátíríìjì tí kì í ṣe ti ìbọn rẹ̀. Kátíríìjì númbà 20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti númbà 12 lọ. Bó bá bọ́ sínú ìbọn númbà 12, á yọ̀ wọlé, á há síwájú. Ẹni náà á rò pé inú ìbọn ṣófo, á tún ki númbà 12 sẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ewu yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń kun ike númbà 20 ní àwọ̀ yẹ́lò, kí ojú lè tètè dá a mọ̀.

Ti ìbọn àgbẹ̀dẹ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi páìpù omi ṣe? Ẹ gbọ́ ìròyìn ọlọ́pàá lórí rédíò yìí kan náà. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lágbègbè wa, kí ni wọ́n ń sọ pé àwọn bá lọ́wọ́ wọn? Ìbọn ìbílẹ̀ àti kátíríìjì. Kátíríìjì kan náà tí à ń bèèrè rẹ̀ yìí. Irin páìpù ò lè gba agbára tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rò pé ọ̀tá òun lòun ń yìn ín sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló lè lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún wọn nílé. Ẹ má ní ọmọ tiyín kọ́.

N kò lè sọ̀rọ̀ nípa ohun ìjà tó ti gbó kí n má dárúkọ Ìkẹjà. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Iná dé ibi tí àwọn ológun ń kó àdó olóró pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Àdó olóró tó ti pẹ́ níbẹ̀, láàárín ìlú, láàárín ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ẹni tó bá wà ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò jẹ́ gbàgbé. Gíláàsì fèrèsé fọ́ níbi tó jìnnà réré sí Ìkẹjà. Àwọn èèyàn ń sá, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ wọn sá bọ́ sínú kánààlì Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ ló kú sómi, iná ò kàn wọ́n.

Ṣé kátíríìjì inú àpótí wá tó àdó olóró ni? Kò tó o. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa ewu àwọn méjèèjì jọra. Ohun tó ń gbiná, tó ti gbó, tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò, tó wà láàárín èèyàn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ọta ìbọn ò mọ ojúlé, ohun tí à ń sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ti òfin, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1959. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní ìbọn ọdẹ láìgba ìwé àṣẹ. Òfin yìí kì í fún ẹni tí ọdún rẹ̀ ò tíì pé 17 ní ìwé yẹn. Kì í fún ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa. Kì í fún ọ̀mùtí. Kì í fún ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn òfin yẹn níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ irú ọwọ́ tí kò yẹ kí ìbọn dé.

Ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹpù ákṣọ̀n kò sí nínú èyí tí aráàlú lè gba ìwé fún. Síbẹ̀, ẹ rántí ọdún 2017. Àwọn aṣọ́bodè dá kọ̀ntéénà kan dúró ní Èkó níbí. Nígbà tí wọ́n tú u, ìbọn pọ́ǹpù 661 ni wọ́n kà. Kí ni wọ́n fi bo ìbọn náà mọ́lẹ̀? Ilẹ̀kùn irin. Àwọn kọ̀ntéénà mìíràn tún wọlé tẹ̀lé e lọ́dún yẹn kan náà, àwọn aṣọ́bodè tún gbà wọ́n. Àpapọ̀ ìbọn náà lé ní 2,600. Mo máa ń ronú lórí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Ilẹ̀kùn irin gan-an ló yẹ ká máa rà.

Ṣé òfin ní kí èèyàn káwọ́ gbera nígbà tí olè bá wọlé? Rárá o. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 33, gbà kí èèyàn gbèjà ara rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí agbára tó lò mọ níwọ̀n ohun tó pọn dandan. Ẹni tó yìnbọn lu olè tó ti yíjú padà, tó ń sá lọ, máa rojọ́. Ẹni tó yìnbọn lu ọmọ aládùúgbò, ẹjọ́ wo ló fẹ́ rò? Kí ló fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ náà lówùúrọ̀?

Ta tilẹ̀ ni ó ń bọ̀ lóru yẹn? Ìlú tó ń ṣiṣẹ́ òru ni tiwa. Atẹ̀wé á délé ní aago mẹ́ta, nítorí pé oníbàárà fẹ́ gba ìwé ìkéde òkú lówùúrọ̀. Nọ́ọ̀sì á tibi iṣẹ́ dé. Ọmọ Yunifásítì Èkó á ti Akọ́kà kàwé wálé. Apẹja á jí lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ayálégbé tuntun á ṣi yàrá mọ̀, á máa ti ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, nínú òkùnkùn kan náà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó di ìbọn mú, ṣé ó máa béèrè pé "Ta nìyẹn?" kó tó yìn ín? Àbí ó máa béèrè lẹ́yìn náà? Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ti ìbẹ̀rù náà kì í ṣe dáadáa.

Ó yá, ìdáhùn mi rèé. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ, tí ilé rẹ̀ dá dúró, tí ògiri rẹ̀ nípọn, kó ra kátíríìjì tuntun tí ilé iṣẹ́ ṣe, lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti tà á. Kó jẹ́ númbà tí wọ́n kọ sára ìbọn rẹ̀. Kó má gba èyí tí wọ́n tún ẹ̀tù rọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yìn ín tán. Kó má da ti ọdún yìí pọ̀ mọ́ èyí tó ti pẹ́. Èyí tí idẹ rẹ̀ bá ti dípẹtà, tí ike rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tó lanu, kó yà á sọ́tọ̀, kó má dán an wò. Ọta wẹ́wẹ́ ni mo fara mọ́ fún un, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Mo mọ̀ pé àwọn ọdẹ kan á bá mi jiyàn, wọ́n á ní ọta wẹ́wẹ́ ò lágbára tó. Ó lágbára tó láti pa èèyàn nínú yàrá, ẹ gbà mí gbọ́. Kó ti ìbọn mọ́ ibì kan, kó ti kátíríìjì mọ́ ibòmíràn, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì kó má kúrò lára rẹ̀. Ọmọdé ò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀. Ibi gbígbẹ, ibi tí kò gbóná, ni kó kó wọn sí, kì í ṣe lábẹ́ páànù.

Ti ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú fésì-mí-áì-fésì-yù ńkọ́? Mi ò ní kátíríìjì kankan tí mo lè sọ fún un. Kò sí ọ̀kan tó yẹ ilé yẹn. Kò sí. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí mo mọ ilé wọ̀nyẹn, mo mọ bí ọmọdé ṣe ń sùn lọ bẹẹrẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kí ló wá kù? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Owó tí ẹnì kan fẹ́ fi wá ìbọn lábẹ́lẹ̀, kí ilé lápapọ̀ fi ra ilẹ̀kùn irin kan sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ẹ fi iná sólà sí ojúde àti ẹ̀yìnkùlé, nítorí olè ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Irin fèrèsé dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nítòsí. Iná ti jó àwọn èèyàn mọ́ ẹ̀yìn irin rí ní Èkó yìí. Ẹ pín fèrè fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fohùn ṣọ̀kan: bí ẹnì kan bá fọn, kí gbogbo ilé tanná, kí gbogbo ilé pariwo. Ẹ san owó ọdẹ àdúgbò lásìkò. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀, kí òun náà mọ tiyín. Kí ẹgbẹ́ onílé lọ rí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yín, nígbà tí kò sí wàhálà, kí wọ́n lè dá ohùn yín mọ̀ nígbà tí wàhálà bá dé. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 767, ẹ dárúkọ òpópónà, ẹ dárúkọ ohun tó wà nítòsí tí ojú lè tètè rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ó kan ọ̀pọ̀ ilé ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bàbá ti kú. Ọdẹ ni wọ́n nígbà ayé wọn, tàbí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ. Ẹ ń pín ẹrù. Ẹ ṣí àpótí, ẹ bá ìbọn ẹlẹ́nu méjì níbẹ̀, ẹ bá kátíríìjì nínú páálí tí èkúté ti jẹ. Kí ni kẹ́ ẹ ṣe?

Ìwé àṣẹ yẹn, orúkọ bàbá ló wà lára rẹ̀. Ọmọ kì í jogún ìwé àṣẹ ìbọn bó ṣe ń jogún ilẹ̀. Ẹ má yìn ín láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sun kátíríìjì náà, ẹ má jù ú sínú ọ̀sà, ẹ má kó o fún akólẹ̀. Ẹ má gbé ìbọn sínú àpò gàná má gò kẹ́ ẹ wọ dáńfó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ẹni tó bá dá yín dúró lójú ọ̀nà ò mọ̀ pé ẹ̀ ń lọ dá a padà ni. Ẹ ti yàrá yẹn pa. Kí ẹni méjì nínú ẹbí, pẹ̀lú alága àdúgbò tàbí lọ́yà, mú ìwé àṣẹ bàbá àti ìwé ẹ̀rí ikú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́wọ́ òfo. Ẹ ṣàlàyé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn wá gbé e. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ti gbà á, kí iye kátíríìjì tẹ́ ẹ kó fún wọn wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Àdúgbò wo ló ti ṣe tiwọn? Ta ló ti ra ilẹ̀kùn, ta ló ti pín fèrè? Ẹ pè wá, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é, kí àwọn yòókù lè rí i kọ́. Ó dàárọ̀ o. Ká sùn ire, ká jí ire.